Ẹran tí Kì í Fẹ̀yìn Rìn

Kì í ṣe kangarú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí n lè rí ọkàn sọ èyí tó kù. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu mi: kì í ṣe kangarú sà, wálábì ni. Sà á mi orí bí ẹni tó gbọ́, á wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, á ní, "Wò ó, habibi, kangarú." Èmi á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ìbátan ni àwọn méjèèjì lóòótọ́. Wálábì dà bí àbúrò kangarú tí kò ga. Kangarú tó bá nàró lè wo ọkùnrin lójú. Tèmi kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bí pátákó, ọwọ́ iwájú rẹ̀ kúrú bí ọwọ́ ọmọdé, ìrù rẹ̀ sì nípọn débi pé ó lè fara tì í bí ẹni tó jókòó sórí àpótí. Fífò ló máa ń fò. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni baba ńlá wọn ti wá, ṣùgbọ́n àwọn tiwa ò débẹ̀ rí. Inú ilé ẹranko ni wọ́n bí wọn sí, abẹ́ éésì ni wọ́n dàgbà sí, nínú mọ́ọ̀lù kan ní Dubai, láàárín ṣọ́ọ̀bù bàtà àti ibi tí wọ́n ti ń ta gúgúrú. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Nígbà tí mò ń kúrò ní Ṣàgámù, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbẹ́ ẹran ni mò ń lọ gbá. Èmi gan-an ò mọ̀. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo fi í sílẹ̀. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó bá ti dé Dubai, Dubai á mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ohun tó kọ́kọ́ fi mí ṣe ni pé ó fi mọ́ọ̀pù lé mi lọ́wọ́. Mò ń nu ilẹ̀ mọ́ọ̀lù, ilẹ̀ tó ń dán débi pé mò ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ojú náà ò sì dùn. Nígbà tó yá, ilé ẹranko tó wà nínú mọ́ọ̀lù náà ń wá ẹni tí kò bẹ̀rù ẹran. Mo ní mo ti sin ewúrẹ́ rí. Madam Liza, ọmọ Filipíìnì tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, bi mí pé ṣé ewúrẹ́ mi máa ń fò. Mo ní tó bá rí èpo iṣu lágbàlá ẹlòmíràn, á fò. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà mí.

Sharjah ni mò ń gbé, ní Al Khan, nínú ilé gogoro kan tó kọjú sí omi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé mò ń jayé. Bedspace ni. Bẹ́ẹ̀dì alájà ni, èmi lókè, Brother Délé nísàlẹ̀, àwọn mìíràn lápá kejì yàrá, àti fèrèsé kan ṣoṣo tí aṣọ tí a sá sójú rẹ̀ kì í jẹ́ ká rí omi náà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó bá wọ líìfìtì ni mò ń kí. Báwo ni n ó ṣe dúró ti àgbàlagbà, kí èjìká wa kanra, kí n má sì kí i? Wọ́n á máa wo fóònù wọn. Obìnrin kan tiẹ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ó bí mi nínú, mo ní mi ò ní tìtorí tiwọn sọ ẹ̀kọ́ ilé nù. Mo sọ ọ́ nù. Mi ò mọ ọjọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kàn rí i lọ́jọ́ kan pé bàbá kan wọlé, ó kí mi kúùárọ̀ lédè òyìnbó, èmi sì ń wo fóònù mi. Kí n tó gbójú sókè, ó ti bọ́ sílẹ̀. Títí mo fi dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú ara mi ń tì mí.

Brother Délé ni ẹ̀gbọ́n mi nínú ilé yẹn. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kẹ́rù lọ sí Èkó ní Al Muraqqabat ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń di ẹrù àwọn oníṣòwò wa títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Kì í pè mí lórúkọ. Tí mo bá wọlé, á ní, "Bàbá Kangarú, apá ibo ló dùn jù lára ẹran yẹn?" Mo ní kì í ṣe kangarú. Ó ní ata ò mọ ìyàtọ̀.

Mo lè fara da ti Brother Délé. Ìpè sílé ló ń tán mi ní sùúrù. Áàpù tí gbogbo ayé fi ń pe fídíò kì í ṣiṣẹ́ níbí, òmíràn là ń lò, èyí tó máa ń di ojú èèyàn pa síbi tó bá wù ú, ẹnu lílà, ojú dídì. Ìdajì ọ̀rọ̀ wa ni "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ìdajì kejì ni "Mò ń gbọ́ ẹ, ìwọ ni o ò gbọ́ mi." Kí n tó sọ pé Àníkẹ́ dà, Àníkẹ́ ti sá síta.

Ọmọ mi ni Àníkẹ́. Kò tíì rìn nígbà tí mo kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ Màámi ló wà. Ìyá rẹ̀ ti wà nílé ọkọ mìíràn ní Ìbàdàn, mi ò sì dá a lẹ́bi; ọkùnrin tó ní òun ń bọ̀ láìpẹ́ ló dúró dè títí ó fi sú u. Ní báyìí Àníkẹ́ ti ń lọ sí iléèwé. Ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí lòun náà ń pè mí, Bọ̀dá Dubai. Màámi á ní, "Bàbá rẹ nìyẹn, ìwọ ọmọ yìí." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí mi nà án. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá pè mí bẹ́ẹ̀, inú á bí mi, n ó sì wá ẹni tí mo fẹ́ bínú sí, n ò ní rí ẹnì kankan àfi ẹni tó wà nínú dígí.

Sìsí, ọ̀kan nínú àwọn abo wálábì wa, ló dá ọmọ náà dúró. Àsìkò ìsinmi mi ni, mo jókòó lẹ́bàá ọgbà àwọn wálábì, mò ń pe ilé, Sìsí sì fò kọjá lẹ́yìn mi. Àníkẹ́ ti yíjú láti sá lọ. Ó dúró. Ó ní, "Kí nìyẹn?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn.

Èmi ni mo sọ ẹran náà ní Sìsí. Lọ́jọ́ tí éésì bá kọṣẹ́, á jókòó, á máa lá apá rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọge tó ń fi ìpara para. Kì í ṣe oge o. Itọ́ náà ló máa ń gbẹ lára rẹ̀, tí á sì mú un tutù. Láti ọjọ́ yẹn, Àníkẹ́ ló ń sáré wá gbé fóònù. Kì í ṣe nítorí tèmi. Bí ojú mi bá ti yọ, á ní, "Ẹ yí fóònù padà." Èmi á yí kámẹ́rà sí Sìsí, n ó sì di igi tí wọ́n gbé fóònù lé. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé igi sàn ju ẹni tí wọ́n ń sá fún lọ.

Ìbéèrè rẹ̀ ò lópin. Mi ò fẹ́ máa sọ fún un pé mi ò mọ̀, nítorí náà Madam Liza ò gbádùn mọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló ń jẹ? Koríko ni, àti ewé. Kí ló dé tí ẹ ò fún un ní búrẹ́dì? Búrẹ́dì máa ń há sí i léyín, àgbọ̀n rẹ̀ á wú, ó sì lè pa á. Kí ló dé tó ń sùn lọ́sàn-án? Ẹran ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni. Nínú igbó, tí oòrùn bá mú, wọ́n á wá abẹ́ igi sá sí, tí ilẹ̀ bá wá tutù, wọ́n á jáde wá jẹko. Àníkẹ́ ní, "Bíi Màámi." Tó bá rí ohun tó ń bẹ̀rù ńkọ́? Á fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, gbì, kí àwọn yòókù lè gbọ́ kí wọ́n sì sá.

Ọjọ́ tí mo sọ nípa ọmọ wọn, Màámi pàápàá wá jókòó tì í. Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ wálábì, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Kò nírun, ojú rẹ̀ ò là. Òun nìkan ló máa wọ́ gun ara ìyá rẹ̀ lọ sínú àpò tó wà níwájú ikùn, á di ọmú mú, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Tó bá dàgbà tó jáde, àbúrò rẹ̀ lè ti wà nínú àpò, kí òun náà sì ṣì máa ti orí bọ ibẹ̀ láti mumú. Ọmú ọ̀tọ̀ ni kálukú ń mu, wàrà tí ń bẹ nínú ọmú kan kì í sì í ṣe irú èyí tí ń bẹ nínú ìkejì: ti ìkókó fún ìkókó, ti àgbà fún àgbà. Màámi ní Ọlọ́run tóbi. Àníkẹ́ ní, "Bàbá wọn ńkọ́?"

Akọ wọn wà níwájú mi níbẹ̀, ó ń họ àyà. Mo ní òun nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í bá wọn tọ́mọ.

Ó rò ó. "Ṣé Dubai ló lọ ni?"

Màámi wúkọ́. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àpò Sìsí bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Gbogbo àlejò ló fẹ́ rí ọmọ. Madam Liza ta okùn yí ibẹ̀ ká, ó ní ariwo ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, fóònù ò gbọ́dọ̀ kọjá okùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ àpò yẹn. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ okùn. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ kọjá lórí okùn bí ẹni ń gbé ẹrù sórí ọkọ̀. Ìyá kan ní kí n fa ọmọ náà jáde díẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré, kí àwọn ya fọ́tò. Ẹnì kan ń ju gúgúrú. Mò ń sọ pé khalas, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, khalas, mo sì gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹ̀rín wà lára iṣẹ́ náà. Tí mo bá délé, àgbọ̀n á máa ro mí. Mo máa ń sọ fún Brother Délé pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò nítìjú, pé ta ló máa ń lọ sí yàrá ìyá ìkókó kó lọ ti fóònù bọ̀ ọ́ níkùn.

Àníkẹ́ sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé orí ọmọ náà ti yọ.

Ọjọ́ Sunday kan ni. Àwọn àlejò ọ̀sán ti lọ, ti ìrọ̀lẹ́ ò tíì dé, Madam Liza wà ní yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí. Orí ọmọ náà yọ. Pupa ni, irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, etí rẹ̀ dì mọ́ orí bí ewé tí wọ́n ká. Mo wò ó, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn ni pé tí mi ò bá pe Àníkẹ́ báyìí, orí náà á tún wọlé. Mo kọjá okùn. Mo lóṣòó, mo pè é.

Kí n sọ òótọ́, ọmọ náà ṣe dáadáa ju mi lọ. Mo ti sọ fún un rí pé Sìsí ò fẹ́ ariwo, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń tàn. Èmi ni mo gbàgbé pé mo ti yí ohùn fóònù náà dé òkè láàárọ̀ nítorí ariwo inú bọ́ọ̀sì. Mo tún gbàgbé pé Sunday ni, pé àwọn ìyá Àsàlátù ti parí ìpàdé wọn, pé pálọ̀ Màámi ni wọ́n ti máa ń jẹun.

Màámi yọjú lẹ́yìn Àníkẹ́. Wọ́n ní háà, ẹni tí kò bá rìn jìnnà kò ní rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀yin Alhaja, ẹ wá wo ìyá ìkókó. Mo rí orí àti gèlè tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù. Mò ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé Màámi, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ṣùgbọ́n ta ló ti rí obìnrin ilé wa kan rí tó rí ìyá ìkókó tí kò ṣàdúrà fún un? Màámi gbé ohùn sókè.

"Ọmọ tuntun yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Gbogbo pálọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Àmín!"

Sìsí gbá ilẹ̀. Gbì. Gbogbo àwọn tó kù sá. Òun náà fò, ó fi èjìká gbá wáyà, ó yí, ó tún fò, nígbà tó sì bọ́ sílẹ̀, nǹkan pupa kan já bọ́ sórí koríko gbígbẹ, ó ń ju ẹsẹ̀. Sìsí ò bojú wẹ̀yìn. Ó ti dé igun kejì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Láti inú fóònù ni mo ti gbọ́ igbe Àníkẹ́ pé ó ti já bọ́, ó ti já bọ́. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, ìpè náà sì já.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ náà ò gbọ́dọ̀ tutù. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi wé e, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo so apá ṣẹ́ẹ̀tì náà ní kókó láyà mi. Ọwọ́ mi ò bi mí léèrè. Bí wọ́n ṣe pọ̀n mí nìyẹn, bí wọ́n ṣe pọ̀n gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Mo ti ń mira síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo ti ń sọ pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, nígbà tí Madam Liza wọlé tó rí mi ní ìhòòhò òkè pẹ̀lú wálábì lẹ́yìn.

"Níwájú," ó ní. "Gbé e síwájú. Ọmọ yìí ò tíì gbé ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni rí."

Ó tú kókó náà, ó gbé ọmọ náà sínú àpò aṣọ, ó kó o jọ bó ṣe máa ń wà nínú ìyá rẹ̀, ó fi í sábẹ́ aṣọ rẹ̀ níwájú ikùn. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló dẹ́rù ba Sìsí. Mo lè ní àlejò kan ló ju gúgúrú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n kúkú ń jù ú. Mo ní fóònù mi ni, ìyá mi ló ń ṣàdúrà fún un.

Ó wò mí títí. "Fún wálábì?"

"Fún ìyá ìkókó."

Kò bú mi. Ìbá dára kó bú mi. A fi àpò ńlá bo Sìsí títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, nítorí pé nínú òkùnkùn ni ọkàn wọn máa ń rọlẹ̀. Madam Liza la ẹnu àpò ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti ọmọ náà wọ ibẹ̀ torí-torí, ọmọ náà sì yípo fúnra rẹ̀ bí ẹni tó mọ yàrá rẹ̀. Ó wá fi nǹkan tó rọ̀ lẹ ẹnu àpò náà pọ̀ kó má bàa tún já bọ́, a sì gbé Sìsí lọ sí yàrá tí kò sí iná. Ó ní kí n má wọ ọgbà náà mọ́ títí òun á fi sọ. Ó ní ọ̀la la máa mọ̀. Tí Sìsí bá gbà á, ó gbà á. Tó bá tún jù ú sílẹ̀, dókítà ẹran á wá gbé e lọ, á máa fi ìgò bọ́ ọ, ọ̀pọ̀ irú wọn kì í sì í yè é.

Mo bi í pé irú ìyá wo nìyẹn, tó sá tó fi ọmọ sílẹ̀. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kó jẹ́ Sìsí ni mò ń bínú sí. Madam Liza ní kì í ṣe ìwà ìkà. Nínú igbó, tí ajá bá lé e, ẹran àpò náà á dẹ̀, ọmọ á bọ́, ìyá á yè, á tún bí òmíràn. Ó ní ara rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Madam Liza náà ní ọmọ méjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìlú wọn. Kò wojú mi bó ṣe ń sọ ọ́, èmi náà ò sì wo tirẹ̀.

Màámi pè. Mi ò gbé e. Wọ́n tún pè nígbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀nà Sharjah dí pa bó ṣe máa ń dí, mo sì jẹ́ kí fóònù náà dún lọ́wọ́ mi títí tí ẹni tó jókòó tì mí fi ṣe ṣìọ̀. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n má bínú, wọn ò mọ̀. Wọ́n ní Àníkẹ́ ò jẹun, ó ní òun ò fẹ́ rí fóònù mọ́ láéláé, ó ní Bọ̀dá Dubai ti jẹ́ kí ọmọ náà kú.

Brother Délé bá mi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí, bàtà lẹ́sẹ̀. Mo sọ fún un. Mo retí pé á bi mí nípa ata, kò bi mí. Ó ní, "Àbúrò, pè wọ́n. Sọ fún ọmọ pé ó wà láàyè. Ọmọdé ni, á sùn."

Mo ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

"Ṣé òun ló máa mọ̀?"

Mo ní òun kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo Iléyá ni mo ti ń sọ fún ilé yẹn pé mò ń bọ̀ láìpẹ́. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Irọ́ tí mo ti pa fún un ti tó. Brother Délé bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi bí ẹni ń bọ́ ọ fún ọmọdé, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀rọ̀ Sìsí sínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má pariwo.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́ọ̀pù ni mo fà títí di ìrọ̀lẹ́. Mo nu iwájú ilé ẹranko náà débi pé ọkùnrin tó ń ta gúgúrú bi mí bóyá nǹkan mi ló sọnù síbẹ̀. Nígbà tó yá, Madam Liza ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ pè mí. Wọ́n ti dá Sìsí padà sínú ọgbà. Wọ́n ti ṣí ohun tí wọ́n fi lẹ àpò rẹ̀. Ó jókòó, ó ń jẹ koríko, ojú rẹ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ gígùn kan yọ síta láti inú àpò náà bí ìkọ́ aṣọ, ó mì, ó tún wọlé.

Mo ní, "Shukran." Ohun tó wá sí mi lẹ́nu láti fi dúpẹ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti òun ò gbọ́ Lárúbáwá.

Ó ní, "Lẹ́yìn okùn o. Kí o sì yí ohùn rẹ̀ walẹ̀." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ pé mo ti mú fóònù jáde.

Màámi gbé e, wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, mo ní kò sí wàhálà, Àníkẹ́ dà? Mo gbọ́ tí wọ́n ń bá a dúnàádúrà. Mo gbọ́ bísíkíìtì. Mo gbọ́ "mi ò ṣe." Nígbà tó pẹ́, iwájú orí rẹ̀ nìkan ló yọ sójú fóònù, àti bátánì irun rẹ̀.

"Ó ti kú?"

"Kò kú. Wò ó." Mo yí kámẹ́rà. Ẹsẹ̀ náà tún yọ, bí ẹni pé wọ́n rán an. Àníkẹ́ wò ó, kò mí.

"Ṣé ìyá rẹ̀ ló padà lọ gbé e?"

Ìbá rọrùn fún mi láti ní bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá," mo ní. "Wálábì kì í lè fẹ̀yìn rìn bíi tiwa. Ìrù rẹ̀ á dí i lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gùn jù. Iwájú nìkan ló mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ó lè yí padà."

Sìsí ń jẹ koríko rẹ̀. "Ó lè yí padà," mo ní. "Ẹ̀rù ló bà á."

"Ta ló wá gbé e?"

"Èmi ni."

Ojú rẹ̀ méjèèjì ti yọ báyìí. Ó ń rò ó, mo sì mọ ìrònú náà, ti Màámi ni, ètè ìsàlẹ̀ á yọ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀dá Dubai? Ẹ lè fẹ̀yìn rìn?"

"Mo lè ṣe é."

"Ẹ yí fóònù padà, kí n rí yín."

Mo yí i. Òógùn wà lójú mi, aṣọ mọ́ọ̀pù ṣì wà lára mi. Kò sọ pé kí n yí i sí ẹran. Mo na fóònù síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, mo kọjá àwọn ayékòótọ́, mo kọjá àwọn ehoro, mo fẹ̀yìn gbá garawa omi, omi dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù náà, kékeré ná. Madam Liza gbé ìgbálẹ̀ kúrò lọ́nà mi. Ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀kùn, mo sì dúró.

Àníkẹ́ ní, "Ẹ má tíì dúró."

Mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ó ṣí. Àwọn tó ń ra gúgúrú yà fún mi lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí wọn, mi ò sì kí wọn, ojú ọmọ yẹn nìkan ni mò ń wò, mo sì ń bọ̀.